Ọ̀bẹ Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹjọ́ ilẹ̀ ló gbé mi dé kóòtù gíga Oǹdó lọ́jọ́ náà,
ilẹ̀ kòkó bàbá mi lọ́nà Òkè-Igbó.
Wọ́n ní kí n jókòó, ẹjọ́ apànìyàn ló ṣíwájú tèmi.
Orí bẹ́ǹṣì kan la wà, àwa méjìlá.
Kò sẹ́ni tó búra fún wa,
kò sẹ́ni tó bi wá léèrè,
síbẹ̀, kí adájọ́ tó jókòó tán
a ti dá ẹjọ́ ọ̀hún tán nínú ikùn wa.

Fèyíṣará dúró nínú àkámọ́ onígi,
bọ́tìnnì kan ti já lára búláòsì rẹ̀,
ó fọwọ́ di ibẹ̀ mú
bí ẹni pé ihò yẹn gan-an ni wọ́n ń bi í.
Akínyọ̀sóyè, ọkọ rẹ̀, onílọ́rì pákó Odòjọmú,
ti wà ní mọ́ṣúárì láti ìgbà ìkórè.

Sájẹ́ǹtì ka ìwé rẹ̀:
"Ọ̀bẹ ìbẹṣu kan, wọ́n fi rọ́bà wé èèkù rẹ̀.
Abẹ́ ìrọ̀rí ló ti fà á yọ lóru."

Abẹ́ ìrọ̀rí!
Fámúyìwá tó ń ta táyà ní Yaba fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi:
"O gbọ́? Ó ti pèsè sílẹ̀.
Ẹni tó tẹ́ ọ̀bẹ sábẹ́ orí ti pànìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú."
Àwa ọkùnrin bẹ́ǹṣì náà, orí là ń mì bí alángbá.
Ohun tí mo rí ni ọrùn ara mi lóru,
ẹnu mi tó là sílẹ̀, etí mi tí kò gbọ́ nǹkan kan.
Awọ òkú ọkùnrin náà ni mo gbé wọ̀.

Ìyá Dùúnní, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
tó gbẹ̀bí ìdajì Òkè-Àgùnlá,
kò wo ọ̀bẹ. Ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ló ń wò,
níbi tí egungun kan ti kán rí, tó sì jinná ní wíwọ́.
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Ta ló ń gbórí lé irin sùn bí ẹ̀rù ò bá bà á?
Èyí tó gbé ọ̀bẹ sábẹ́ orí, òwúrọ̀ ló ń wá."

Obìnrin tó wọ dúdú pòṣé.
Ilé ìyàwó ni ọmọ tirẹ̀ ti kú, kò tíì pé ọdún.
"Kí wọ́n yẹgi fún un," ló wí, ó sì yíjú sí fèrèsé.
Arúgbó kan lẹ́yìn ní, "Àlá burúkú là ń firin lé.
Ẹ bi í bóyá ó lóyún ni."
Kò sẹ́ni tó bi í.
Lọ́yà méjèèjì, ọkùnrin ni wọ́n.

Ìgbà náà ni sísọ́ọ̀sì kan já lulẹ̀ nínú orí mi.
Ọdún tí kòkó wọ́n, tí mo ń fa ọtí bí ilẹ̀ gbígbẹ,
mo bá sísọ́ọ̀sì ìránṣọ lábẹ́ ìrọ̀rí Jọláadé.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ti dé orí bẹ́ẹ̀dì?"
Ó ní àlá ni. Àlá kan máa ń ká òun mọ́.
N kò bèèrè àlá wo.
N kò bèèrè bóyá àlá náà ń rùn bí ọtí,
bóyá bàtà rẹ̀ máa ń kọ́ ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
Obìnrin ni. Mo rí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀,
mo sì ń ro irú oorun tó sùn lánàá.
Ó sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kẹtàlélógún.
Wọn kò pe ẹjọ́ ilẹ̀ mi.

Fámúyìwá ní ká lọ mu nǹkan tútù. Mo ní rárá.
Jọláadé ò sí nílé, ó ti lọ sípàdé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níhà tirẹ̀.
Ìrọ̀rí náà funfun,
orí rẹ̀ ti tẹ kòtò kékeré sí i láàárín.
Ọdún mọ́kàndínlógún tí n kò ti fẹnu kan ọtí.
Mo na ọwọ́.
Mo ká a kò.